Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Ó Gba Òmìnira Lọ́wọ́ Mi

Ọ̀gá mi, Wàhábì, ẹni tí ó ni ìsọ̀ tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agbowó, ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé Iléyá tí ó kọjá ni ó ṣẹ̀ mí, kété lẹ́yìn ìrun Alásàárì, nígbà tí omi àlùwàlá kò tíì gbẹ tán ní apá rẹ̀. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀ ni mo ṣe dárúkọ rẹ̀ síta báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bú Wàhábì níwájú mi, èmi ni n ó kọ́kọ́ dá onítọ̀hún lóhùn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kí a má sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ.

N kò ka ìwé púpọ̀. Kíláàsì díẹ̀ ni mo ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ Faransé kí bàbá mi tó kú. Yorùbá kíkọ ni bàbá náà fi sílẹ̀ fún mi ní ogún: a máa jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́, a ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bí mo bá sì gbàgbé àmì kan ṣoṣo, a ní mo ti ṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mò ń rọra to ọ̀rọ̀ mi, ẹ má ṣe bínú. Ẹni tí ó ń ro ẹjọ́ kì í sáré.

Kétu ni mo ti wá, Kétu ti ilẹ̀ Faransé, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nínú ilé tí a sì ń sọ Faransé ní ọ́fíìsì ìjọba. Nígbà tí mò ń bọ̀ ní Ìbàdàn, mo rò pé èdè kan náà ni mò ń lọ bá, pé kò ní í sí ohun tí yóò ṣòro. Àṣìrò ni. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú, àwọn ará ìlú a ṣàánú rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè tí kò mọ ìṣe, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò pè é. Ìbá sàn fún mi ní oṣù àkọ́kọ́ bí mo bá ya odi.

Kútọnu ni wọ́n ń pè mí. Mo ṣàlàyé títí ó fi sú mi pé n kò dé Kútọnu rí láyé mi.

"Kí lo wá fẹ́ ká máa pè ẹ́?" Káyọ̀dé bi mí. Ọmọ Ìbàdàn ni, àwa méjèèjì ni a jọ ń kọ́ṣẹ́. "Ṣé ká máa pè ẹ́ ní Bọnjúù ni?"

Mo ní kí ó jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ ní Kútọnu.

Ohun tí ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú yìí kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe ariwo jẹnẹrétọ̀. Ìkíni ni. Ní agboolé tiwa, ọkùnrin a tẹrí ba, a fi ọwọ́ kan orúnkún, ó tó. Ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ọba ni à ń tọ́jú rẹ̀ fún. Ohun tí mo gbé wá nìyẹn. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí ìsọ̀ náà ṣì ṣàjèjì sí mi, bàbá onílé wọlé tọ̀ wá wá. Kọ̀ǹpútà kan tí mo ti tú ìdí rẹ̀ wà lórí itan mi, àwọn nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ tí ó dè é sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo tẹrí ba níbi tí mo jókòó sí, mo ní, "Ẹ káàsán, bàbá."

Bàbá wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo Ọ̀gá. "Wàhábì, níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ẹ má bínú sà. Àjèjì ni."

"Mo rí i pé àjèjì ni. Ṣé wọn kì í ní bàbá nílùú tiwọn ni?"

Nígbà tí bàbá lọ tán, Ọ̀gá kò pariwo. Kì í pariwo, ìyẹn wà lára ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀. Ó ní kí n dìde.

"Kútọnu, ṣé orí ìjókòó lo ti ń kí àgbà?"

"Ọ̀gá, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi."

"Iṣẹ́ wo? Gbọ́ mi dáadáa. Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ ẹ, tí àgbà bá ti wọ ìsọ̀ yìí, ilẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wá. Iṣẹ́ kì í ṣe ẹyẹ, kò ní fò lọ."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó dán an wò ká rí i," Káyọ̀dé wí.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Káyọ̀dé ní ìdí mi ga sókè jù, ó ní mo dà bí ràkúnmí tí òùngbẹ ń gbẹ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dájọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé òfin náà bí ó ti wí: ohunkóhun tí ó bá wà lọ́wọ́ mi.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ wa, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò tíì tú kọ̀ǹpútà rí. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní pùrósẹ́sọ̀. Òun ni ọpọlọ rẹ̀. Kò tóbi ju bisikíìtì kékeré lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ro gbogbo èrò, ìrònú náà a sì máa mú un gbóná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé irin kan lé e lórí, irin tí ó ní eyín bí ìyarun, tí fáànù ń fẹ́ sí, kí ó lè máa gba ooru kúrò lára rẹ̀. Láàárín ọpọlọ àti irin ni a ń fi ìpara kan sí, pésìtì, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Òun ni ó ń kó ooru láti ara èkínní sí ara èkejì. Bí ọdún bá gorí ọdún, pésìtì a gbẹ bí àṣáró tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò, ooru kò ní í rí ọ̀nà lọ mọ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa kú lójijì lójú olówó rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n ń gbé e wá bá wa.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lábẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ mìíràn, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ni ó kún ibẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìpéǹpéjú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ihò tirẹ̀ tí ó ń wọ̀. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, kò ní í wọlé mọ́.

Ọ̀gá fi sùúrù kọ́ mi ní iṣẹ́ náà. "Má kàn fà á," a máa wí. "Ẹni tó ń sùn, a kì í fà á dìde lápá. Jẹ́ kó gbóná ná." A ó tan kọ̀ǹpútà náà, a ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí pésìtì tí ó ti gbẹ lè rọ̀. Lẹ́yìn náà a ó pa á, a ó yọ wáyà iná, a ó yọ ti fáànù, a ó tú ohun tí ó de irin mọ́lẹ̀. A kì í gbé irin náà sókè gbọnrangandan. A ó rọra yí i sọ́tùn-ún, a ó yí i sósì, bí ẹni tí ó ń ṣí ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ó sùn. Ẹni tí ó bá fà á, ọpọlọ yóò bá irin jáde. Nígbà tí irin bá ti kúrò, a ó gbé ọ̀pá kékeré tí ó há ọpọlọ mọ́lẹ̀ sókè, a ó yọ ọ́, a ó fi òwú àti sípíríìtì nù ún títí yóò fi máa dán. Nígbà tí a bá ń dá a padà, àmì kékeré kan wà ní igun rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ kojú sí àmì tí ó wà nílẹ̀. "Á fúnra ẹ̀ wọlé," Ọ̀gá ní. "Tó o bá ti ń tẹ̀ ẹ́, o ti ṣì í." Lẹ́yìn náà pésìtì tuntun, bí ẹ̀wà kan péré, ní àárín, irin fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ́ ẹ. Káyọ̀dé ni ó kùn ún ní àkùnjù nígbà kan.

"Káyọ̀dé, ṣé búrẹ́dì lo fẹ́ jẹ ni?" Ọ̀gá bi í.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yọ ọpọlọ tí mo sì dá a padà láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, tí ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́lẹ̀, Ọ̀gá kò yìn mí. Ó ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ni. Ó kàn mú orí ẹja láti inú àwo tirẹ̀, ó gbé e sínú tèmi, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tí ó ń bá Káyọ̀dé sọ lọ. N kò gbàgbé orí ẹja náà títí di òní, nítorí ní ilé wa, bàbá mi nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìdánìkanwà kò fi bẹ́ẹ̀ rí mi mú ní ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń rí mi mú, pàápàá nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi tí Agbowó sì dákẹ́. Mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ring Road láìní ohun tí mo fẹ́ rà, kí n sáà lè wà láàárín èrò. Nígbà tí ibà dá mi wó, Ọ̀gá gbé mi lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Baṣọ̀run, Màmá sì tọ́jú mi bí ọmọ inú rẹ̀. Màmá Baṣọ̀run kò pè mí ní Kútọnu rí. "Ọmọ Kétu" ni ó ń pè mí. Gbogbo ìgbà tí ó bá pè é ni mo máa ń rántí pé mo ní ilé.

Ìyá mi ní Kétu kì í yé pè mí.

"Iṣẹ́ wo gan-an ni o ń kọ́, ọmọ mi?"

"Ìyá, mò ń yọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, mò ń nù ún, mò ń fi ìpara sí i, mo sì ń dá a padà."

"Yéè! Kì í wá kú?"

"Bí a bá ṣe é dáadáa, kì í kú."

"Irú ìpara wo? Ṣé kí n fi òrí ránṣẹ́ sí ọ? Òrí tí a pò ní ọdún yìí dára o."

Mo ní kí ó fi òrí rẹ̀ pa ẹsẹ̀. Nígbà náà ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó ń bi mí ní gbogbo ìgbà: "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa dá ọ sílẹ̀?"

Òmìnira ni ó ń bèèrè, èyí tí àwọn ọmọṣẹ́ ń pè ní fúrídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá ẹni yóò pe àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọn yóò gbàdúrà sí ẹni lórí, ẹni tí ó kúnlẹ̀ ní ọmọṣẹ́ yóò sì dìde ní ọ̀gá. Láìṣe é, kò sí ẹni tí yóò gbà pé a ti mọṣẹ́, bí a tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ti dá ọjọ́ fún mi: Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé Iléyá. Ìyá mi, tí kò sun ibòmíràn yàtọ̀ sí Kétu rí, ní òun yóò wá. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ó ti gún èlùbọ́ tí yóò gbé wá fún Màmá Baṣọ̀run.

Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà.

Kọ̀ǹpútà ayàwòrán kan láti Challenge ni mò ń ṣe, Bọ̀dá Fótò ni a ń pè é. Ó jókòó, ó ń dúró. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi ni mo ṣe: mo jẹ́ kí ó gbóná, mo yí irin náà, mo gbé ọ̀pá sókè, mo yọ ọpọlọ. Mo fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, ọwọ́ mi sì ń lọ sí orí fóòmù tí a ń gbé e lé, tí ó wà ní ìkángun tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ "Àsàlámù àléíkúmù" lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá Baṣọ̀run ni. Ó gbé ẹran Iléyá wá fún wa nínú kúlà.

Ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú jalàbíà funfun rẹ̀. Káyọ̀dé ń fi irin gbígbóná jó wáyà lọ́wọ́. Ó gbé irin náà sí àyè rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó fa ṣòkòtò sókè díẹ̀, ó tó wá dọ̀bálẹ̀. Èmi kò fa ohunkóhun sókè. Bí mo ti rí Màmá ni mo lọ sílẹ̀ gbọọrọ. Kò sí ràkúnmí kankan nínú ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Àtẹ́lẹwọ́ mi kan símẹ́ńtì, ọpọlọ kọ̀ǹpútà sì wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Ọmọ Kétu! Ẹ kú ọdún o. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ìyá ẹ jèrè ẹ."

"Àmín, mà."

"Bó o ṣe ń bọlá fún mi yìí, bẹ́ẹ̀ lọmọ tìẹ náà á ṣe máa bọlá fún ẹ."

"Àmín, mà."

"Dìde, ọmọ mi."

"Àmín, mà."

"Kútọnu," Káyọ̀dé wí, "àdúrà ti tán o."

Bọ̀dá Fótò ni ó kọ́kọ́ dìde. "Kí ló wà lábẹ́ ọwọ́ ẹ yẹn?"

Mo ṣí ọwọ́. Àwọn abẹ́rẹ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ti dojú bolẹ̀ bí àgbàdo tí ìjì kọjá lórí rẹ̀. Bọ̀dá Fótò ké pé àwòrán ìyàwó ẹni-ẹlẹ́ni wà níbẹ̀. Ọ̀gá fi dá a lójú pé àwòrán kì í gbé inú ọpọlọ, pé ibòmíràn ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Kò pariwo.

"Sátidé ò wáyé mọ́. Ẹni tí ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ara ẹ̀, mi ò lè pè é lọ́gàá níwájú àwọn èèyàn."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ mi..."

"Mo ní kó o kí àgbà! Ṣé mo ní kó o fi ọpọlọ oníbàárà kí àgbà? Ṣó o rí Káyọ̀dé? Ṣebí ó gbé tiẹ̀ sílẹ̀ ná."

Màmá gbé kúlà rẹ̀ lé orí àga. "Wàhábì, èmi lọmọ yìí ń kí o. Ṣé torí pé ó kí mi lo ṣe fẹ́ fìyà jẹ ẹ́?"

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ kí n tó kọ́ ẹ ní kíkí?"

Ọ̀gá fa àga mìíràn fún un kí ó jókòó. Ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe. Pẹ́ńsù kan wà, irú èyí tí à ń tẹ ìdí rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó yọ. Mo yọ ojú rẹ̀ kúrò, mo ń fi ihò ẹnu rẹ̀ wọ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń gbé e dìde díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ kì í ya níbẹ̀, nítorí èyí tí ó bá ṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Màmá jókòó tì mí, ó ń wúre lábẹ́ ẹnu. Kò sí èyí tí ó ṣẹ́. Mo kojú àmì sí àmì, ó wọlé fúnra rẹ̀. Mo fi pésìtì sí i, mo gbé irin lé e, mo dè é, mo fi wáyà fáànù sí àyè rẹ̀. Nígbà tí a tan án, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, Bọ̀dá Fótò sì wo àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó pé," ó wí. "Kútọnu, máa dọ̀bálẹ̀ ẹ lọ. Ìgbà mìíràn, ṣáà gbé tèmi sílẹ̀ ná."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tí mo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ti dárí jì mí. Ọ̀gá ti fi ọwọ́ kan irin náà kí ó tó gbé kọ̀ǹpútà fún un, ó rí i pé ó tutù, ó sì mi orí pé iṣẹ́ náà dára. Síbẹ̀, Àbámẹ́ta kò wáyé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé sọ́tùn-ún, mo ti rò ó sósì. Òótọ́ ni pé ó gbé irin rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kí Màmá. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé lè gbé irin sílẹ̀. Bí ọmọ ìlú bá pẹ́ kí ó tó kí ènìyàn, wọn yóò ní iṣẹ́ ni ó ká a mọ́. Bí àjèjì bá pẹ́, wọn yóò bèèrè bóyá wọn kì í ní bàbá ní ìlú rẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí Káyọ̀dé fi nu ọwọ́, èmi kò ní irú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bàbá mi wà nínú ilẹ̀, kò lè dìde wá sọ pé òun kọ́ mi. Ara mi nìkan ni mo lè fi jẹ́rìí fún un, bí mo sì ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bú u nìyẹn.

Mo pe ìyá mi pé kí ó má wá mọ́.

"Kí lo ṣe?"

"Mo kí àgbà ni."

"Ìwọ? Ìwọ tí mo máa ń tì lẹ́yìn kí o tó kí ẹnikẹ́ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. "Èlùbọ́ yìí wá ńkọ́?" ó bèèrè.

Mo ní kí ó gbé e pamọ́ ná.

Mo ṣì wà ní ìsọ̀ náà. Ọ̀gá ṣì ń gbé orí ẹja sínú àwo mi, "ọmọ mi" ni ó sì ń fi mí hàn fún àwọn oníbàárà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sáà dọ̀bálẹ̀ níwájú Káyọ̀dé àti bàbá onílé, kí n sọ pé mo jẹ̀bi ní ọjọ́ náà, kí òun dá ọjọ́ mìíràn. Gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ kí Ọ̀gá, n kò sì ní í yé ṣe é títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n kí n dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì pé mo dọ̀bálẹ̀, ìyẹn ni ara mi kò gbà. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní agídí Kétu ni. Mo ní kí ó jẹ́ kí a gbé e síwájú àwọn ènìyàn, ó sì ní òun gbà, ohun tí wọ́n bá sọ ni òun yóò ṣe.

Ẹ̀yin ni mo gbé e wá bá. Ẹ má wo ti àjèjì, ẹ má sì wo ti ọ̀gá. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀yin ìbá ṣe, kí àgbà tí ó tọ́jú yín ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn wọlé, kí òfin sì wà ní etí yín pé ilẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá ní èmi ni mo jẹ̀bi, n ó gbà, n ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ó ti fẹ́. Bí ẹ bá sì ní Wàhábì ni, n kò bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìyá mi ní Kétu, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ó lè máa bọ̀ fún un.